Èdè mélòó lo wá gbọ́?

Bàbá mi kékeré tó ń gbé ní Ìdí-Àbà kì í gbàgbé ìbéèrè yìí. Lọ́dọọdún, tá a bá ti jókòó ti láfún àti ewédú lọ́jọ́ Iléyá, á fi ọwọ́ nu ẹnu, á ní, "Ìwọ tó o lọ kọ́ èdè ní yunifásítì, èdè mélòó lo wá gbọ́?" Màá ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni, sà, àti Faransé díẹ̀ tí kò lè ra búrẹ́dì ní Kútọnu. Á wá wo ìyá mi bíi pé wọ́n ti lù wọ́n ní jìbìtì. Lọ́dún kan, mo ní dókítà eyín náà ò ní eyín ju tiwa lọ. Màámi gbá mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Òfin ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Máàkì mi ò tó o, ni wọ́n bá fún mi ní Linguistics, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Mo pe Màámi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Lìn kí ni?"

Ọdún kejì ni ẹ̀kọ́ náà tó wọ̀ mí lára. Olùkọ́ wa kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sójú pátákó: oní àti aṣọ di aláṣọ, oní àti epo di elépo, oní àti ọkọ̀ di ọlọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n oní àti iṣu, oníṣu ni, kò yí padà. Ó ní ká wò ó dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá fi i bẹ̀rẹ̀, n dúró síbi tó wà. Bó bá fi fáwẹ̀lì mìíràn bẹ̀rẹ̀, n á di l, fáwẹ̀lì iwájú á sì fara wé ti ẹ̀yìn. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ti dé ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ní tèmi.

Àdìrẹ ni Màámi ń tà ní Ìtòkú, láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí. Èyí tí wọ́n fi láfún tí wọ́n sè ya ọnà sí lára, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, alábẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n fi ìko dì, oníko. Ẹ̀kọ, abẹ́rẹ́, ìko: òfin orí pátákó yẹn pérépéré, n tó di l lẹ́ẹ̀mejì, n tó dúró lẹ́ẹ̀kan. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbọ́ ọ láìgbọ́ ọ.

Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, mo dán Màámi wò. Mo ní, "Màámi, ká ní nǹkan kan wà tó ń jẹ́ ejùjù, kí lẹ máa pe ẹni tó ń tà á?" Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè lára aṣọ tí wọ́n ń ká. "Eléjùjù." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní, "Èló ni wọ́n ń tà á?"

Orí àwọn ọ̀rọ̀ àdìrẹ ni mo kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé. Àdìrẹ fúnra rẹ̀, à ni, pẹ̀lú dì àti rẹ: o dì í, o rẹ ẹ́. Ọnà kan wà tó ń jẹ́ Ìbàdàndùn, odindi gbólóhùn tó sọ ara rẹ̀ di orúkọ aṣọ. Mo ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri ọjà, ìyá àgbà kan sì rò pé agbowó-orí ni mí. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún ìjọba pé àwọn ò tíì tà lónìí.

(Kí n tó gbàgbé: orúkọ ìlú wa náà ní àṣírí tirẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kì í ṣe àkànpọ̀, ẹ àti o kì í gbé pọ̀. A ní ẹsẹ̀, a ní ọ̀rẹ́, a ní ejò, a ní owó. Ẹ wá wo Abẹ́òkúta, ẹ àti o fara kan ara wọn. Ẹni tí kò mọ Olúmọ rí á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀.)

Iṣẹ́ ńkọ́? Lẹ́yìn tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán, mo jókòó sílé fún ọdún kan gbáko. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni ìwé pélébé kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ní kí n túmọ̀ sí Yorùbá. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ ń da kọ̀ǹpútà òun láàmú, ó bá yọ gbogbo wọn dànù. Mo kọ "ìgbà méjì lójúmọ́". Ó tẹ "igba meji lojumọ". Ẹni tó bá kà á bó ṣe wù ú lè gbé oògùn mì ní igbá méjì. Mo pariwo títí wọ́n fi tún un tẹ̀. Owó mi ni wọn ò san títí dòní. Láti ìgbà náà, mo máa ń gba ìdajì kí n tó ṣí ìwé.

Ẹnu iṣẹ́ ohùn ni mo wà báyìí. Google ti ń túmọ̀ Yorùbá láti 2013, BBC dá ti Yorùbá sílẹ̀ ní 2018, àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ láti gbọ́ èdè wa sì ń pọ̀ sí i. Wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́, màá tẹ́tí, màá kọ ohun tí ẹni náà sọ gan-an, kì í ṣe ohun tó yẹ kó sọ. Ohùn tí kò bá dá mi lójú, màá gbé e sínú Praat, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní Amsterdam, màá rí i bí ìlà ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń dun etí. Ó ń sanwó ilé.

Àwọn tá a jọ jáde ti fọ́n ká. Ọ̀kan gba ètò Fulbright ti ìjọba Amẹ́ríkà lọ kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní Yorùbá fún ọdún kan. Ọ̀kan ń ka ìròyìn lórí rédíò níbí. Ọ̀kan tún padà sí ilé-ìwé kó lè máa ran àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan wà ní báńkì, ó ní fònẹ́tíìkì, ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè, kò ṣe òun lóore kankan, àfi pé tí oníbàárà bá ti pe ilé ní "ulé", òun á ti fura pé Èkìtì ni.

Àwọn tó ń sọ pé kò sóúnjẹ nínú èdè máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ní Abẹ́òkúta yìí kẹ̀! Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843 kó tó dé ìlú yìí ní 1846, níbi tó ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tí oko ẹrú ti yà wọ́n. Ibí náà ni Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ní 1859.

Lóṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan ní kí n gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀, gbólóhùn 200 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ Màámi ni mo kọ́kọ́ lọ. A ti dé gbólóhùn ogójì nígbà tí wọ́n béèrè pé, "Tá a bá parí, ta ló wá ni ohùn náà?" Mo ṣí àdéhùn lórí fóònù níbẹ̀, láàárín òkìtì aṣọ, mo kà á dé ìsàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ni ín, títí láé.

Màámi ní kí n pa ẹ̀rọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ra àdìrẹ lọ́wọ́ àwọn, aṣọ yẹn ló rà, kò ra ìkòkò aró.

Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Wọn ò tíì fèsì.