Ìrun kíkí, ẹ̀yìn àti ọkàn

Ẹni tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ l'Ọ́jà Ọba, Akúrẹ́, láti àárọ̀, ìrun Àìlà, ìyẹn ìrun ọ̀sán, ni yóò kọ́kọ́ bá a na ẹ̀yìn. Ráká (ìpele ìrun kọ̀ọ̀kan) 17 ni ọ̀ranyàn ojúmọ́, ìforíkanlẹ̀ 34. Ìkánjú ló ń bà á jẹ́! Ní rúkúù, ìyẹn ìgbà tí a bá tẹ̀ síwájú, ẹ fọwọ́ di orúnkún mú, kí ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá yọ bí iké, kò nà. Níbi ìforíkanlẹ̀, iwájú orí pẹ̀lú imú, àtẹ́lẹwọ́, orúnkún àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kó kanlẹ̀, kí ìgbúnwọ́ wà lókè. Ẹ jẹ́ kí èémí balẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ lọkàn ti ń fúyẹ́. Ẹ má fò dìde, òòyì lè kọ́ yín. Tí orúnkún bá ń dun màmá, kí wọ́n jókòó sórí àga kírun, kí wọ́n sì tẹ̀ fún ìforíkanlẹ̀ ju ti rúkúù lọ.