Ọjọ́ tí a kó rìsíìtì wa síta

Sọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

A ti ṣe ìpàdé yẹn nígbẹ̀yìn. Àtìgbà tí éjẹ́ǹtì ti ń pe kálukú wa lórí fóònù pé owó ilé máa lé sí i la ti ń sọ ọ́ pé ká jókòó, tónìí bá yá tọ̀la ò ní í yá, Alhaja lọ òde ìnáwó, èmi wà níbi iṣẹ́, Bọ̀dá òkè ò sí nílé. Lónìí ṣáà, gbogbo fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jókòó sábẹ́ tánńkì lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú àbúrò tó ń gbé ní bọ́ìskọ́tà, kálukú kó bébà ẹ̀ dání. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó tutù lára mi torí inú ń bí mi, inú mi sì tún ń dùn, méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo kó dé Ògbà níbí lọ́dún 2019, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà lọ́dún ni owó ilé mi, yàrá méjì àti pálọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wá ilé l'Ékòó rí mọ̀ pé kì í ṣe 500 yẹn lèèyàn máa san. Éjẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n gba ìdá mẹ́wàá míì fún lọ́yà tó kọ àgírímẹ́ǹtì, kọ́ṣọ̀n fíì, owó tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ torí ohun tó bá bà jẹ́, tún jẹ́ 50, ó fi di 650 kí wọ́n tó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, lọ́yà yẹn mi ò sì fojú kàn án dòní. Báyìí 900 ni mò ń san, wọ́n ní kó di mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600.

Mi ò sọ pé kówó ilé má lé o. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù May 2023, kí ni ò gbówó lórí? Sìmẹ́ǹtì ni, ọ̀dà ni, owó iṣẹ́ búríkìlà ni, ọjà kan náà lèmi àti onílé jọ ń ná. Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pé wọ́n á yọ́ mú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní éjẹ́ǹtì pe òun ó ní, "Mọ̀mí, owó tí wọ́n ní káwọn tókù san ju èyí lọ o, ẹ̀yin nìkan ni mo bá bẹ onílé, ẹ ṣáà má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́." Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ìyá Ìbejì fi dìde dúró, ó ní, "Alhaja, ẹ dúró ná, kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ má sọ?" Nkan tí éjẹ́ǹtì sọ fún òun náà nìyẹn. Nkan tó sọ fún èmi náà nìyẹn, àfi pé ó pè mí ní "Àǹtí mi" dípò Mọ̀mí. A lọ yípo, fúláàtì mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan náà, ìkìlọ̀ kan náà. Ibẹ̀ dákẹ́ lọ gbári. Lẹ́yìn náà la wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ iye owó, ohun tí a ò ṣe rí láti ọdún tí a ti jọ ń gbé. Wọ́n ní kí Alhaja san mílíọ̀nù kan àti 400, èmi mílíọ̀nù kan àti 600, Ìyá Ìbejì mílíọ̀nù kan àti 800, bẹ́ẹ̀ fúláàtì kan náà ni, fèrèsé kan náà, báluwẹ̀ kékeré kan náà. Ìyá Ìbejì ní òun mọ ohun tó fà á, pé éjẹ́ǹtì rí ọkọ òun lọ́jọ́ tó ti ẹnu iṣẹ́ ojú omi dé pẹ̀lú báàgì ńláńlá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bu owó lé èèyàn, wọ́n á wo ẹrù ẹ.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi owó ilé sílẹ̀, ti sáfíìsì ṣáàjì, owó àwọn nkan tí gbogbo ilé jọ ń lò, ló ká mi lára jù. Bàbá Tíṣà tó wà nísàlẹ̀ ló kó fáìlì jáde, fáìlì búráùn ayé àtijọ́, ó fi okùn dè é. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ó ti pẹ́, kò sí bébà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n jù nù. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fi òkúta lé e kí atẹ́gùn má gbé e lọ, wọ́n ní ká mú tiwa náà wá. Rìsíìtì kan wà níbẹ̀ ti oṣù March ọdún tó kọjá, "owó pọ́ḿpù tuntun, 45,000." Mo yọ tèmi, 45,000. Alhaja, 45,000. Fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló san án, ìyẹn 270,000 lórí pọ́ḿpù kan ṣoṣo, kálukú sì rò pé òun ń dá sí i díẹ̀ ni. Èmi sì wà nílé lọ́jọ́ tí púlọ́ńbà wá. Kò gbé pọ́ḿpù kankan wọlé. Ó tú ti àtijọ́, ó pààrọ̀ kápásítọ̀ inú ẹ̀, ó dè é padà, ó lọ. A dìde lọ wò ó lónìí, ó ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà búlúù ẹ̀ ti bó, gbogbo nọ́ọ̀tì ẹ̀ ti dípẹtà.

Ibẹ̀ ni àbúrò bọ́ìskọ́tà ti béèrè pé mítà ta ni pọ́ḿpù yẹn ń jẹ. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Oṣooṣù la ń san 5,000 kálukú fún iná pọ́ḿpù àti gílóòbù ẹnu géètì, a rò pé ó ní mítà tiẹ̀. Ó ní ká jẹ́ ká wò ó. Iná wà nígbà yẹn, a ní kí Ìyá Ìbejì lọ tan pọ́ḿpù, èmi àti ẹ̀ dúró síwájú ibi tí wọ́n to àwọn mítà sí lára ògiri. Ìyá Ìbejì ní "mo ti tàn án o", iná pupa kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lára mítà Bàbá Tíṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kíákíá, àwọn tókù ò yí padà rárá. A ní kó pa á, ó tún padà rọra ń ṣẹ́. A tún tàn án, bákan náà. Bàbá dúró lẹ́yìn wa, wọn ò sọ nkankan. Àdúgbò wa wà lára àwọn tí wọ́n kó sí Band A, ìsọ̀rí àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, lóṣù April 2024, tí yúníìtì kan ṣàdédé kúrò ní nkan bíi náírà 68 tó di 225, kí wọ́n tó dín in díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Látìgbà yẹn ni Bàbá ti pa fíríìjì wọn, wọ́n ní iná ń lọ jù, pé ó lè jẹ́ pé fíríìjì ti gbó. Ọ̀tọ̀ lohun tó ń jẹ iná. Omi tí gbogbo wa fi ń wẹ̀, tí a fi ń fọṣọ, owó pẹ́ńṣọ̀n Bàbá ló ń fà á gòkè, àwa sì ń san owó ẹ̀ fún ẹlòmíì. Mo wo ojú wọn, omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Àbúrò yẹn ti wá òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó sórí fóònù ẹ̀, èyí tí ìjọba Fáṣọlá fọwọ́ sí lọ́dún 2011. Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà ni òfin yẹn yọ sílẹ̀, Ògbà ò sí nínú ẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ka abala kẹwàá fún wa, ó ń túmọ̀ ẹ̀ fún Alhaja bó ṣe ń kà á: tí onílé tàbí éjẹ́ǹtì bá gba owó sáfíìsì tàbí kọ́ṣọ̀n fíì lọ́wọ́ ayálégbé, rìsíìtì ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ná owó náà sílẹ̀ fún un, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fàmẹ́fà. Kọ ọ́ sílẹ̀ o, kì í ṣe kó fẹnu sọ ọ́ ní géètì. Àti owó ilé gan-an, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti ìgbà tí owó ọ̀hún wà fún, gbogbo ẹ̀ ló yẹ kó wà lórí rìsíìtì. Mo wo tèmi. Orúkọ mi, iye owó, àti ìbuwọ́lùwé kan tí èèyàn ò lè kà. Kò sí orúkọ onílé níbì kankan.

Ìyá Ìbejì ní gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ tí wọ́n bá fún wa ní kúìtì nótíìsì, ìwé pé ká kó jáde, ńkọ́? Ẹ̀rù tó ń bà á ò ṣẹ̀yìn nkan tójú ẹ̀ ti rí. Níbi tí wọ́n gbé tẹ́lẹ̀ l'Ágége, onílé ní kí káfíńtà wá ká páànù orí ilé nígbà òjò, ó fẹ́ fipá lé wọn, àwọn ìbejì sì kéré nígbà yẹn, ó fi aṣọ òkè bò wọ́n mọ́ igun ilé títí ilẹ̀ fi mọ́. Àbúrò ka ìyẹn náà fún un. Ayálégbé tó ń sanwó ọdọọdún, tí àgírímẹ́ǹtì ò bá sọ ohun míì, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i, ọlọ́jọ́ méje á tún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ẹ̀ kóòtù nìkan ló lè ní kó jáde. Ẹni tó bá ká páànù, tó yọ ilẹ̀kùn tàbí tó ń yọ ayálégbé lẹ́nu kó lè fi ilé sílẹ̀, ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin yẹn, owó ìtanràn wà fún un, tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà. Ìyá Ìbejì ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Bàbá Tíṣà wá sọ nkan kan tó ń yí lórí mi látàárọ̀. Wọ́n ní nígbà táwọn wà ní yàrá kan ní Muṣin, fésì-mí-àì-fésì-yù, tí èèyàn ogún ń lo ilé ìdáná kan, kò sí éjẹ́ǹtì tó lè ṣe irú èyí. Onílé ń gbé ní yàrá iwájú, tó bá fẹ́ fi náírà kan lé owó ilé, ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni á ti sọ ọ́, káwọn obìnrin tó sọ omi ọbẹ̀ kalẹ̀ gbogbo ilé ti gbọ́, wọ́n á sì jọ lọ bẹ̀ ẹ́. Lásìkò tí Jákàǹdè jẹ́ gómìnà Èkó, láàárín 1979 sí 1983, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìṣọlọ̀, Abẹ́sàn, Ìpọnrí, wọ́n ní àwọn gba fọ́ọ̀mù, owó ò pé, fúláàtì ṣáà ni gbogbo ọkàn àwọn wà níbẹ̀, kéèyàn ní báluwẹ̀ tiẹ̀, kéèyàn ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Mi ò bá wọn wí, èmi náà ò fẹ́ padà sínú yàrá kan. Àmọ́ òótọ́ ni pé ilẹ̀kùn tí a ń tì yìí ni éjẹ́ǹtì ń jẹ lórí ẹ̀. Mo mọ orúkọ ọmọ Alhaja tó wà ní Canada, mo mọ ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà, àmọ́ iye tí wọ́n ń san lọ́dún, mo ní ìtìjú láti béèrè, àwọn náà ní ìtìjú láti sọ ọ́.

A pinnu pé lẹ́tà kan la máa kọ, kì í ṣe mẹ́fà. Bọ̀dá òkè ò fọwọ́ sí i. Àwọn tókù bínú sí wọn díẹ̀, èmi ò bínú. Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n àti onílé, nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2020 lásìkò Kòrónà, onílé fún wọn láyè títí wọ́n fi rí owó san, wọn ò lè gbàgbé ẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní tí a bá kọ lẹ́tà yẹn tán, àwọn máa bá wa fi ránṣẹ́ sí i tààrà lórí WhatsApp, torí ìlú London ló ń gbé, ó sì lè má mọ̀ rárá pé wọ́n ń gba owó pọ́ḿpù. Èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2019, mi ò tíì gbọ́ ohùn onílé yẹn rí, gbogbo "onílé sọ pé" tí mo ń gbọ́, ẹnu éjẹ́ǹtì ni.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán. Nkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kí wọ́n fún wa ní àkáǹtì gbogbo owó sáfíìsì láti January ọdún tó kọjá, kí wọ́n yọ wáyà pọ́ḿpù kúrò lára mítà Bàbá Tíṣà kí wọ́n sì dá owó wọn padà, àti pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àfikún owó ilé, gbogbo wa ni kí wọ́n jọ bá sọ ọ́ lójú kan. Tí kò bá sí èsì, Citizens' Mediation Centre tìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà láìdé kóòtù, la máa gbé e lọ, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ẹjọ́ onílé àti ayálégbé wá. Fọ́tò àwọn rìsíìtì ló kù kí n so mọ́ ọn. Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀kùn pé òun tún rí méjì nínú báàgì aṣọ òun, ọ̀kan jẹ́ owó ṣọ́kàwéè, ó ní kí n wò ó bóyá wọ́n gba èmi náà. Wọ́n gbà á.