Ẹ má wo ALT nìkan o

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gba rìsọ́ọ̀tì LFT (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe wà) ní láàbù, tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n kọ ALT sí nìkan lẹ wò, tẹ́ ẹ rí i pé kò ga, ẹ má tíì sọ pé ẹ̀dọ̀ yín ò ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an.

ALT, ìyẹn púrótíìnì kan, ò níṣẹ́ kankan nínú ẹ̀jẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀, ìgbà tí nǹkan bá ṣe sẹ́ẹ̀lì yẹn léṣe, tó wá ń jò bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó lu, ló tó máa ya wọ ẹ̀jẹ̀. AST, púrótíìnì míì tó jọ ọ́, náà ń jò bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun tún wà nínú ọkàn, nínú iṣan, àní nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ni tó gbé irin ní jíìmù lánàá fi lè rí AST tó ga láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tó bá lo parasitámọ́ọ̀lù kọjá bó ṣe yẹ, ALT ẹ̀ lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jù ú sínú ìkòkò ẹran kó lè tètè rọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́).

Ṣùgbọ́n ohun tí ALT ń sọ ni pé nǹkan ń pa ẹ̀dọ̀ lára lọ́wọ́, kò sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí hẹpatáítìsì B tàbí ọtí bá ti bá ẹ̀dọ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ti di àpá, tó ti le gbagidi, sẹ́ẹ̀lì tó kù tó máa jò ò pọ̀ mọ́, ALT á wálẹ̀, ẹni náà á rò pé ara òun ti yá. Albumin, púrótíìnì kan nínú ẹ̀jẹ̀, ni kẹ́ ẹ wò níbẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, òun ni kì í jẹ́ kí omi jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tó bá ti kéré jù, ẹsẹ̀ á máa wú, ikùn á máa gba omi. Àmọ́ albumin máa ń pẹ́ lára, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 20 kí ìdajì ẹ̀ tó lọ, torí náà tí ẹ̀dọ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, albumin ṣì lè dáa. Ìyẹn ni dókítà ṣe ń bèèrè INR (àyẹ̀wò tó ń sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì), torí ẹ̀dọ̀ náà ló ń ṣe àwọn púrótíìnì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí wọ́n ń pè ní factor VII nínú wọn, bíi wákàtí 6 péré ni ìdajì ẹ̀ ti tán, torí náà INR á tètè fi hàn tí ẹ̀dọ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hẹpatáítìsì B, tí wọ́n bá ní ALT yín dáa, ẹ bi dókítà yín pé albumin ńkọ́, INR ńkọ́, plétílẹ́ẹ̀tì (àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú ọgbẹ́) ńkọ́, ìgbà wo ni kẹ́ ẹ wá ya àwòrán ẹ̀dọ̀.