Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ ò mú náà ní ìṣòro tiẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Apá òsì ni rọpárọsẹ̀ mú bàbá kan, nítorí náà ọ̀tún ló nà sí ife ògì gbígbóná. Ọwọ́ lọ tààrà, kò kàn dúró níbi tó yẹ. Ó gbá ife, ògì dà sí i nítan, awọ bó. Ohun tí ará ilé ń sọ ṣáá ni pé, "Ṣebí kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ yìí?"

Ó wà. Lára ẹni tó ń lo ọ̀tún, ìlàjì ọpọlọ ti òsì ló ń ṣètò bí èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ á ṣe jọ rìn kí ọwọ́ lè lọ geere. Ti ọ̀tún ló ń jẹ́ kí ọwọ́ dúró síbi tó yẹ, kó má mì. Ẹ wo ẹni tó ń bẹ iṣu: ọ̀tún ń rìn pẹ̀lú ọ̀bẹ, òsì di iṣu mú gbọn-in. Robert Sainburg, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń rìn, ti Pennsylvania State University ní Amẹ́ríkà ló kọ àlàyé yìí lọ́dún 2002. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló nílò ìlàjì méjèèjì. Tí rọpárọsẹ̀ bá sì mú apá òsì, ìlàjì ọpọlọ ti ọ̀tún ló bàjẹ́; tó bá mú apá ọ̀tún, ti òsì ni. Kì í ṣe pé mò ń bú ará ilé o, àwa físíò, tí à ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, gan-an máa ń gbàgbé ọwọ́ tó ṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn fẹ̀yìn ti àga. Ẹ gbé ife ike sí iwájú, ọ̀tún àti òsì lórí tábìlì, níbi tí ọwọ́ á dé láìtẹ̀ síwájú. Kó máa fi ọwọ́ tí kò kú kàn wọ́n. Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló kú, ẹ ó rí i tí ọwọ́ òsì ń wọ́ lọ́nà kó tó débẹ̀: ẹ jẹ́ kó máa nà án síbi orísirísi, jẹ́jẹ́ ná, kó tó yára. Tó bá jẹ́ òsì ló kú, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí tábìlì, kó fìka kàn án, kó dúró títí ẹ ó fi ka 5. Lẹ́yìn náà ni ife omi tútù, ṣíbí, àti búútà tí omi inú rẹ̀ ò pọ̀. Nǹkan gbígbóná ló kẹ́yìn.

Ará Ìlọrin, mo mọ̀ pé ẹ kórìíra kéèyàn fi òsì jẹun. Ẹni tí ọ̀tún rẹ̀ kú, kí ló fẹ́ fi jẹ? Ààfáà yín á sọ fún yín pé ìrọ̀rùn wà fún aláìsàn.

Ẹ má torí èyí pa eré ìdárayá ọwọ́ tó kú tì. Ẹni tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì láti kékeré, kí físíò wò ó fúnra rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìpín iṣẹ́ inú ọpọlọ tiẹ̀ lè yàtọ̀.