Ìkòkò zirconia tí kò ní í sán: ibi tí iṣẹ́ dé

Ìkòkò kékeré tí mo fẹ́ máa fi yọ́ irin ti jáde nínú ìléru, kò sì sí ibi tó ti sán. Hóró zirconia, ìyẹn àpòpọ̀ zirconium àti ọ́síjìn tí ooru kì í tètè yọ́, tí wọ́n ti fi iná mànàmáná yọ́ ni mo fi mọ ọ́n. Yanrìn zircon, tí zirconia àti silica so pọ̀ nínú rẹ̀, ni wọ́n ń dà sínú ìléru oníná pẹ̀lú èédú. Èédú á gba ọ́síjìn lára silica, silica á di gáàsì, á bá èéfín lọ, zirconia á ṣẹ́kù. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ nìyẹn, torí zirconia kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó nǹkan bíi 2,700°C. Hóró tí wọ́n ti fọ́ ni mo rà.

Calcium oxide tí wọ́n ń fi sí i ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Zirconia lásán máa ń sún kì bí ooru bá dé nǹkan bíi 1,170°C. Bó bá ń tutù, á tún wú ní ìdá 4 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí a fi mọ á sì rún wómúwómú. Calcium oxide ló ń dè é kó má yí padà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ èyí tí a dè tán fún ìkòkò tó máa wọ iná, táá tún jáde lójijì: ó máa ń fẹ̀ púpọ̀, ooru kì í sì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá, ìta á ti tutù kí inú tó mọ̀. Èyí tí a dè lábọ̀ ni mo mú. Apá tí a kò dè á sún kì nígbà tí ìyókù ń fẹ̀. Bó bá wú padà, á fi ìlà tín-ín-tín sílẹ̀ káàkiri, ibẹ̀ ni agbára ìsán ńlá ti ń pín.

Mo fi ègé méjèèjì wéra. Mo mú wọn dé 1,250°C, mo fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wọn, mo tún dá wọn padà léraléra, mo wá fi yíǹkì pa wọ́n lára kí ibi tó sán lè hàn. Lára èyí tí a dè tán, ìlà kan là á já láti etí dé etí. Lára èkejì, ìlà kúkúrú tó yí hóró ńláńlá ká nìkan ni mo rí. Inú mi dùn gidi.

Omi aluminium phosphate ni mo fi lẹ hóró pọ̀. Ẹnu ìkòkò ṣì ń rún díẹ̀, màá fi èyí tó kúnná kún un níbẹ̀. Ẹ má sẹ́ ẹ ní gbígbẹ láìbo imú o: zircon máa ń ní uranium àti thorium díẹ̀ nínú.

Bàbà ni màá kọ́kọ́ yọ́ nínú rẹ̀, ní 1,085°C, kí n tó gbìyànjú ohun tó máa mú un kọjá 1,170°C tí zirconia lásán ti ń sún kì.