Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Adájọ́ Gbọ́ Tẹnu Mi

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ bá mi gbààwẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá sílé mi ní Maryland níbí nígbà tí mi ò lè dúró nídìí sítóòfù, ọpẹ́ ni mo wá dú. Lẹ́tà tí mo ti ń retí fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta dé ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Adájọ́ Social Security, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sanwó fún àwọn arúgbó àti aláìlera, dá mi láre lórí owó disability tí mo béèrè. Kò yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ohun tí mo béèrè.

Iṣẹ́ CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ni mo ṣe fún ọdún mọ́kànlá. Mo ń gbé àwọn arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń yí wọn padà lóru kí ara wọn má baà bó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, a ò pé níṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo dá bàbá kan gbé. Nǹkan dún pà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn mi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ òsì mi ti kú tipiri. MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n yà fún mi, fi hàn pé ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ti yọ síta, ó sì ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, síbẹ̀ mi ò padà sí bí mo ṣe wà.

Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ béèrè owó disability, ìyẹn owó ẹni tí àìlera ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, ojú tì mí. Ẹnìkan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ pé sàárà ìjọba ni, pé ọmọ Yorùbá kì í ṣe alágbe. Ó dùn mí wọra. Àṣé kì í ṣe sàárà rárá! Owó tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ wa ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sanwó fún wa ni. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ san owó yẹn fún nǹkan bí ọdún márùn-ún nínú mẹ́wàá tó ṣíwájú àìlera rẹ̀ kó tó lè rí i gbà. Èmi ti san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òógùn mi ni.

Wọ́n kọ̀ mí lẹ́ẹ̀kíní. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n kọ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún mi láti sọ pé mo fẹ́ rí adájọ́. Mo fi lẹ́tà náà sínú Bíbélì mi, mo ń gbàdúrà lé e lórí lálaalẹ́, mi ò sì ka ọjọ́ mọ́. Ọjọ́ 52 ni àkọ́bí mi obìnrin ṣí Bíbélì náà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ ti gbàdúrà lé e. Ẹ wá jẹ́ kí n bá yín dá a lóhùn.” Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́run lo ọmọ yẹn fún mi.

Òun náà ló bá mi wá lọ́yà. Lọ́yà náà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi ṣáájú. Bí a bá jàre, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀yìn, ìyẹn owó àwọn oṣù tó ti kọjá tí wọn ò tíì san, ni tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju $9,200 lọ lọ́dún 2025. Ó ka fáìlì mi tán, ó wá pè mí jókòó. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó fi ìka tọ́ ìlà kan tí dókítà kọ ní oṣù kẹta ọdún 2023: aláìsàn sọ pé dáadáa ni òun wà. Ó tún ṣí òmíràn. Dáadáa ni. Òmíràn, dáadáa ni.

Omi bọ́ lójú mi, torí mo rántí ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú dé ọ́fíìsì dókítà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní báwo ni, kí ni mo fẹ́ dáhùn? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa: dáadáa ni, a dúpẹ́. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí. Wọ́n ti máa ń sọ fún wa pé ká má fi ẹnu ara wa gba àìsàn. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, mo ti gbà á nìyẹn. Lọ́yà náà fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó wá ní ohun tó wà nínú ìwé ni adájọ́ máa kà, adájọ́ ò sì mọ bí a ṣe ń kíra wa.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìmúra nìyẹn. Ọmọ mi gbé aago ìdáná síwájú mi lórí tábìlì, ó ní kí n jókòó bí ẹni wà níbi iṣẹ́. Ní ìṣẹ́jú 18 mo ti fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. Ní ìṣẹ́jú 25 mo ti dìde. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Gálọ́ọ̀nù mílíìkì kan, mo lè gbé e láti inú fíríìjì dórí tábìlì, mi ò lè gbé e láti inú mọ́tò wọlé. Abọ́ mẹ́rin ni mo lè fọ̀ kí n tó lọ dùbúlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni mo kọ́ ní àmàlà rírò nínú ọdún yẹn, torí apá mi ò ká omorogùn mọ́. Lọ́yà ní kí n má sọ pé “mi ò lè ṣe nǹkan kan”, pé kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Kí n sọ ìṣẹ́jú, kí n sọ iye ọjọ́. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi bò. Ó gba ìwé, ó kọ bí mo ṣe lè jókòó pẹ́ tó àti ìwọ̀n ohun tí mo lè gbé. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú ìgbẹ́jọ́, ó sì dé.

Mo béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n fún mi. Àwọn kan bi mí pé ṣé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì, “pain” nìkan ni mo máa ń sọ. Lédè wa, ẹ̀yìn mi ń ro mí, ìbàdí mi ń ta mí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó bí iná, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sì kú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Oṣù kejì ọdún 2025 ni ìgbẹ́jọ́. Yàrá kékeré ni, kò sí èrò, kò sí lọ́yà ìjọba tó máa bá mi jà. Ohùn ògbufọ̀ wá látorí fóònù, bàbá kan tí ahọ́n Èkìtì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Adájọ́ béèrè ohun tí lọ́yà ti sọ pé yóò béèrè: kí ló dé tí mo sọ fún dókítà pé dáadáa ni mo wà? Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbi tí wọ́n ti bí mi, bí wọ́n bá kí èèyàn, ọpẹ́ ló kọ́kọ́ ń jáde. Mo ń dúpẹ́ pé mo jí ni. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi.” Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tọrọ ààyè láti dìde.

Onímọ̀ nípa iṣẹ́ kan tún wà níbẹ̀. Adájọ́ bi í bóyá ẹni tó rí bíi tèmi lè ṣe CNA. Rárá. Ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ ìjókòó? Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dárúkọ wọn. Àyà mi já. Adájọ́ tún ní, bí ẹni náà bá gbọ́dọ̀ lọ dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́ yàtọ̀ sí àkókò ìsinmi ńkọ́, tó sì ń pa iṣẹ́ jẹ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lóṣù? Ó ní kò sí iṣẹ́ fún un. Lọ́yà mi fọwọ́ kan apá mi lábẹ́ tábìlì.

Oṣù méjì la fi retí. Wọn kì í sanwó oṣù márùn-ún gbáko àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àìlera bẹ̀rẹ̀, nítorí náà oṣù kẹta ọdún 2023 ni owó mi ti bẹ̀rẹ̀. Medicare, ètò ìlera ìjọba tó ń bá èèyàn san owó ìtọ́jú, máa ń wọlé lẹ́yìn oṣù 24 tí owó náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti wọlé fún mi kí lẹ́tà tó dé! Ọmọ mi ọkùnrin náà ní ìpín tirẹ̀.

Ọlọ́run, o ṣé. Ọmọ mi, màá máa sìn ọ́ pẹ̀lú àdúrà. Bàbá ògbufọ̀ tí mi ò rí lójú, ẹ̀yìn yín á dára. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Ó ní báwo ni. Mo ní a dúpẹ́, mo wá fọwọ́ lé itan, mo sọ fún un pé láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń jó mi látibẹ̀ dé orúnkún.