Ọ̀bẹ Kọ́ Ni A Fi Ń Yọ Asẹ́ Máíkírówéfù

Báńdéèjì ṣì wà ní àtàǹpàkò mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà ilé ní Amẹ́ríkà mọ irú máíkírówéfù tí mo ń sọ, èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lókè sítóòfù, tí asẹ́ alumíníọ̀mù méjì wà lábẹ́ rẹ̀ láti gba ọ̀rá inú èéfín sílẹ̀. Ọdún 3 ni mo fi din dòdò àti ata lábẹ́ rẹ̀ ní Houston láìyọ wọ́n rí. Kì í ṣe pé mo jẹ́ ọ̀bùn. N kò mọ̀ pé wọ́n ṣeé yọ ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ọ̀rá tó pọ́n bí oyin kán tó sínú ọbẹ̀ tí mo ń sè fún àlejò. Inú bí mi, mo pa iná, mo ki ọ̀bẹ bọ etí asẹ́ kan, mo sì ń fi í wọ́ ọ pẹ̀lú agbára, ṣùgbọ́n kò mì. Ìgbà tí mo tún un tì ni àwọ̀n rẹ̀ fà ya, etí irin tó mú bí abẹ gé mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí sítóòfù, àlejò sì ń kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Tọ́lá, ṣé ẹ̀rọ yẹn ló kọ́kọ́ lù ọ́ ni?" N kò rẹ́rìn-ín.

Asẹ́ kejì ni mo fi kọ́gbọ́n. Ọ̀rá tó ti gan ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, ooru ló sì ń tú u. Mo gbé omi kaná lábẹ́ rẹ̀, ó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, mo pa iná, mo yọ okùn iná ẹ̀rọ náà, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo di òrùka kékeré tó wà létí asẹ́ náà mú, mo tì í sẹ́yìn kí n tó fà á wálẹ̀, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ti ẹlòmíràn ń lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àlàfo wà.

Omi gbígbóná àti ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ ni mo rẹ ẹ́ sí, mo fi búrọ́ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ má fi ọṣẹ tó ní sódà líle nínú kàn án, nítorí ó ń jẹ alumíníọ̀mù, á sì sọ ọ́ di dúdú. Asẹ́ èédú tó ń gba òórùn èéfín nínú àwọn máíkírówéfù kan ní tirẹ̀ kò ṣeé fọ̀, pípààrọ̀ ni.

Oṣooṣù ló yẹ ká máa fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé bíi tèmi, ẹ gbé omi kaná. Bí ó bá tún kọ̀, ẹ tún omi gbé kaná. Èyí tí mo fà ya, mo ti ra òmíràn. Nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tí mo rí nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn máíkírówéfù ni mo fi wá a.